Ọmọ Ilé Wo Ni Àìná? Láti Toll Gate Ṣàngó dé Òkè-Ọ̀dàn

Kò sí ẹni tó ń gbowó ibodè mọ́ ní Toll Gate Ṣàngó. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n wó gbogbo ibodè tí wọ́n ti ń gbowó lójú pópó ìjọba àpapọ̀. Wọ́n wó ibodè, orúkọ ò bá a wó. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà ti ń wakọ̀ níbẹ̀ báyìí, òun náà ń ké pé "Toll Gate wọlé o!" Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀, tó kọjá Alákukọ, tó kọjá Dálẹ́mọ, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé òun ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Láàárọ̀ kùtù, tírélà a ti tò lọ rẹrẹ sí apá bíríjì Ṣàngó: òmíràn kó irin, òmíràn kó ìyẹ̀fun, òmíràn kó ike tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ láti ilé ń sáré kí wọ́n má baà ti géètì mọ́ wọn síta. Ìyá oníbúrẹ́dì ń kiri láàárín ọkọ̀, alágbo ń polówó, agbèrò sì ń to orúkọ ìlú lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ki oríkì: Ọ̀tà, Ojú Ọrẹ, Ìyànà Ìyẹsí, Àtàn, Lusada, Òwodé.

Ọkọ̀ Òwodé ni mo wọ̀. Ilé obìnrin kan ni mo ń wá lọ, ẹni tó ti kú láti ọdún 1880, tí wọ́n sì sin sí Funchal ní erékùṣù Madeira, láàárín òkun. Nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí i ní Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Yewa, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta. Àìná ni àwa ń pè é. Láti Toll Gate sí Òkè-Ọ̀dàn kò jìnnà. Ẹni tó bá jí gbéra yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìwé tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ lókè òkun pọ̀, ó sì hàn nínú wọn pé ààfin Windsor ni àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀, wọn ò mọ Òkè-Ọ̀dàn. Èyí ló ń dùn mí.

Ohun tó ta mí jí gan-an ni ìwádìí tí àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wá ìyá ìyá wọn, obìnrin oko tó gbé ayé ní Alabama tàbí ní Georgia ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ tó le ni. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1850 àti ti ọdún 1860 lọ́hùn-ún, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n kọ. Ẹrú fúnra rẹ̀ kò lórúkọ níbẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara rẹ̀, ó parí. Ọdún 1870 ni àwọn tí ogun abẹ́lé dá sílẹ̀ lóko ẹrú kọ́kọ́ wọ ìwé ìkànìyàn náà lórúkọ ara wọn. Ẹni tó bá ń tọ ìyá rẹ̀ lọ sẹ́yìn, tó bá ti dé ọdún 1870, ibẹ̀ ni ọ̀nà máa ń pin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, a rí àwọn tó já ọ̀nà. Ní ọdún 2020, Hannah Durkin, olùkọ́ ní fásitì Newcastle, kọ ìtàn Matilda McCrear jáde. Àbákẹ́ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey, ìjọba tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé wọn dé Mobile ní Alabama ní July 1860, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808. Wọ́n tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olówó mìíràn, wọn ò sì tún fojú kan ara wọn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ilà ojú tí wọ́n kọ fún Àbákẹ́ nílé wà lójú rẹ̀ títí. Ní ọdún 1931, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti bèèrè owó gbà-má-bínú fún ohun tí wọ́n ṣe fún un. Wọn ò fún un. Ní January 1940 ló kú, òun ló sì kẹ́yìn láyé nínú gbogbo àwọn tí a mọ̀ pé Clotilda gbé.

Oko òwú ni Àbákẹ́ ti lo ayé rẹ̀. Àìná jẹun láàfin Victoria, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tí wọ́n ti kó àwọn méjèèjì dà rú lọ́wọ́ ogun Dahomey kan náà. Mo wá rò ó pé bí àwọn tó wà lókè òkun bá ń wá ọ̀nà sọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí àwa tó wà nílé lè júwe ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde. Ẹsẹ̀ ilé wa ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Àwọn tó ń wọkọ̀ ní Toll Gate lójoojúmọ́ ń tọ apá kan rẹ̀ lọ láìmọ̀.

Súnkẹrẹ fà á lọ ní Ṣàngó, ó fà á lọ ní Ojú Ọrẹ. Lẹ́yìn Ìyànà Ìyẹsí ni ọkọ̀ tó mí. A kọjá Canaanland, ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn Faith Tabernacle sí ní ọdún 1999, tí àga rẹ̀ lè gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn, pẹ̀lú fásitì Covenant lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Ìju, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, a tún ń rí oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ láàárín wọn. Láti Àtàn lọ, ibi àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà, torí pé ọ̀nà ẹnubodè Ìdìròkò nìyí.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn yẹn. Ẹni tó bá rí i lónìí pẹ̀lú èéfín àti ariwo ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé ogun ti jà á rí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ ló ń ṣọ́ ilẹ̀ yìí dé etíkun. Ọ̀nà òwò wọn gba àárín Ẹ̀gbádò kọjá sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, kí wọ́n má baà tọ ilẹ̀ Dahomey. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, kò sí ẹni tó ń dáàbò bo Ẹ̀gbádò mọ́. Dahomey ti wá láti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ń wá ọ̀nà sókun láti ìlà-oòrùn. Ní 1842, Ẹ̀gbá ṣígun bá Ọ̀tà, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ dó ti Adó-Odò. Ní 1844, Ghezo ọba Dahomey wá kọlu ibùdó ogun wọn níbẹ̀, Ẹ̀gbá sì lé e padà lọ́nà tó dùn ún wọra, wọ́n gba àpótí ìjókòó rẹ̀ àti agboòrùn rẹ̀. Ghezo ò gbàgbé. Ọdún 1851 ló tó gbé ogun dé ẹnu odi Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, tó tún pòfo. Láàárín ìjà méjèèjì yìí, ní 1848, Òkè-Ọ̀dàn ló jìyà. Àìná jẹ́ ọmọ ọdún bíi márùn-ún.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró díẹ̀ síbi ọdún márùn-ún yẹn. Wọ́n pa bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Wọ́n kó òun lọ sí Abomey, olú ìlú Dahomey, ó lo ọdún méjì láàfin Ghezo. Nígbà ọdún àwọn bàbá ńlá ọba, tí wọ́n máa ń fi ènìyàn rúbọ lójú oórì, wọ́n ti yan ọmọ yìí mọ́ àwọn tí wọn yóò pa. Frederick Forbes wà níbẹ̀ ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí Ghezo pé kó ṣíwọ́ òwò ẹrú. Ó bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀. Ọ̀nà tó gbé e gbà ni pé kí Ghezo fi í ṣe ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Ghezo gbà, wọ́n kó o fún Forbes pọ̀ mọ́ owó ẹyọ àti àgbá ọtí. Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù CMS. Sarah ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n wá fi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, lé e. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lójú àgbàlagbà ilé rẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì rọrùn fún mi láti kà kọjá.

Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ kan ò sọnù nínú ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ 9 November 1850 ni ọbabìnrin kọ́kọ́ rí i ní Windsor, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ rẹ̀. Ní 1851 wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin CMS ní Freetown. Ní 1855 wọ́n ní kó padà wá. Ó gbé lọ́dọ̀ ìdílé Schön ní Gillingham, oníwàásù tó ti bá Ajayi Crowther rin ìrìnàjò odò Ọya ní 1841. Ọjọ́ 14 August 1862 ló ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Camille Silvy ya àwòrán òun àti ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àwòrán náà sì wà ní National Portrait Gallery títí di òní. Ẹ̀yin náà wo bó ṣe rí: láti ọjọ́ tó ti di ẹ̀bùn ni gbogbo ìwé ti mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rí fún àwọn obìnrin oko Amẹ́ríkà náà nìyẹn. Ọwọ́ tó gba ènìyàn ló ń kọ ọjọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ti gbà á kì í ráyè kọ nǹkan kan.

Ọkọ tó fẹ́, James Pinson Labulọ Davies, Sàró ni, oníṣòwò ojú omi ni, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Àìná ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó kọ lẹ́tà sí ìyàwó Schön pé òun ò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, àwọn tó yí ọbabìnrin ká ló tẹ̀ lé e lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yìí ló fi padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Gbajúmọ̀ ni Davies l'Ékòó: òun ló fún Babington Macaulay ní àádọ́ta pọ́n-ùn tí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò fún CMS Grammar School tí Macaulay dá sílẹ̀ ní June 1859. Inú Èkó yìí ni Àìná ti tọ́ ọmọ. Àwọn oníṣòwò tó ń gba ọ̀sà wá láti Àgbádárìgì, tí wọ́n ń ta epo pupa àti ẹyìn, àwọn ìlú Ẹ̀gbádò ni ọjà wọn ti ń wá. Ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni ogun ti pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní Òwodé mo sọ̀ kalẹ̀. Ọjà ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀wà àti àgbàdo ń bẹ nínú àpò títí dé ojú títì, wọ́n ń sọ Ègùn, wọ́n ń sọ Yewa, wọ́n ń sọ Faransé díẹ̀díẹ̀ pọ̀. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Òkè-Ọ̀dàn. Ilé onípáànù tí ìpẹtà ti mú, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, igi ńlá tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀. Ìlú tó fara balẹ̀ ni. Mo kí ìyá àgbà kan tó ń ta gààrí lábẹ́ àtíbàbà, mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Ta lo ń wá, ọmọ mi?"

Mo ní, "Àìná ni, mà."

"Àìná wo? Àìná kún ìlú yìí. Ọmọ ilé wo?"

Kò sí nínú gbogbo ìwé tí mo kà ẹni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àìná, ọmọbìnrin tó bá fi ìwọ́ kọ́ ọrùn wáyé lè jẹ́ ẹ; ó sọ bí wọ́n ṣe bí i, kò sọ ẹni tó bí i. Mo jókòó lórí àpótí tí ìyá náà fún mi, mo ro ìtàn náà fún un bí mo ṣe rò ó fún yín. Ó ń wọn gààrí fún oníbàárà, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo débi pé wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, ó fi kọ́ńgò sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ó bímọ?"

Mo ní ó bí mẹ́ta.

"Dárúkọ wọn."

Ibi tí mo ti lè dáhùn nìyí. Mo dárúkọ Victoria, tí wọ́n bí ní 1863, tí ọbabìnrin jẹ́ ìyá ìsàmì fún, tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Cheltenham. Òun ló fẹ́ dókítà John Randle ní 1890, Randle tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn àṣà àti ìtàn Yorùbá tó wà ní Oníkàn báyìí. Mo sọ fún ìyá pé Victoria yìí ló fún Samuel Coleridge-Taylor, olórin ńlá tó jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ohùn orin Yorùbá kan tí wọ́n ń pè ní "Ọlọ́ba", tí ọkùnrin náà sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1905 mọ́ àwọn orin aláwọ̀ dúdú mìíràn. Mo dárúkọ Arthur, tí wọ́n bí ní 1871. Mo dárúkọ Stella, ọmọ ọdún 1873.

Ibi Stella yìí ni ìtàn náà ti di ohun ìyanu fún mi, mo sì sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Stella bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay, wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Abigail Ìdòwú: Sarah fún ìyá Stella, Abigail fún ìyá Herbert. Abigail yìí sì ni ọmọ Ajayi Crowther. Ẹ rí i báyìí pé ọmọ méjì tí ogun kó ni ẹ̀jẹ̀ wọn pàdé lára Ìdòwú: Àjàyí tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821 àti Àìná tí wọ́n kó ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ìdòwú bí Babátúndé Kwaku Adadevoh, dókítà tó di olórí fásitì Èkó. Babátúndé bí Ameyo Stella Adadevoh.

Ìyá àgbà ní, "Dókítà Ebola yẹn?"

Mo ní òun ni. Òun ló kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin tó gbé àìsàn náà wọ Èkó láti Liberia ní July 2014 kò ní jáde nílé ìwòsàn, bó ti wù kí wọ́n halẹ̀ mọ́ òun tó. Ọjọ́ 19 August ọdún náà ni àìsàn ọ̀hún pa á.

Ìyá pariwo pe àwọn alájàpá ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ wá o! Wọ́n ní ọmọ ìlú yìí ni dókítà tó kú torí Ebola!" Wọ́n kóra jọ. Mo tún ìtàn náà rò. Ẹnìkan bú sẹ́kún, àwọn yòókù ń wúre fún òkú. Mo ti ka ìtàn Àìná tó, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni sunkún rẹ̀ lójú mi rí. Ní ọjà Òkè-Ọ̀dàn, láàárín gààrí àti ata gbígbẹ, wọ́n sunkún rẹ̀ bí ẹni tó kú lánàá, wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní "ìyá wa".

Bàbá kan tó ti ń gbọ́ wa láti ìta ló dá ọ̀rọ̀ padà sí ìdí ohun tí mo bá wá. Ó béèrè bí Àjàyí ṣe rí ìyá tirẹ̀. Mo ní ní August 1846 ni, l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25, tí ìyá àti ọmọ dì mọ́ra tí wọn ò lè sọ̀rọ̀. Afala lorúkọ ìyá náà. Bàbá ní, "Ó ti dàgbà kí wọ́n tó kó o, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá ní ohun tó mú ìyàtọ̀ wá nìyẹn. Ọmọ tó ti mọ orúkọ ìlú rẹ̀, tó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ nígbà tó bá lọ kí àwọn àgbà, kò sí ibi tí wọ́n gbé e lọ tí kò ní lè sọ ibi tó ti wá. Ọmọ ọdún márùn-ún lè gbàgbé. Ọmọ ọdún méjì, irú Àbákẹ́, ohun tí ìyá bá rántí fún un ló ní. "Èyí tí ọmọ ò bá lè sọ," bàbá wí, "ará ilé ló máa sọ ọ́ fún un."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì gbà á ju bí mo ṣe gba ohunkóhun nínú ìwé lọ. Gbogbo ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò dára: ìwé ìkànìyàn, ìwé títà ilẹ̀, ìwé ìrántí ilé ìjọsìn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yóò sọ fún ènìyàn pé ìhà ibí yìí ló ti wá. Kò ní sọ ilé. Irinṣẹ́ tó ń sọ ilé wà lọ́wọ́ wa: oríkì orílẹ̀, èèwọ̀ oúnjẹ, òrìṣà ìdílé, ilà ojú, ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Àwọn tó ń kọ ìtàn Àìná tọ́ka sí ilà ojú rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ṣe ni pé wọ́n fi í jẹ́rìí pé ọmọ ọba ni. Davies náà gbé òkúta ìrántí kan tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ dìde fún un ní Ijọn, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, lórí oko tó ti gbin kòkó ní nǹkan bí ọdún 1880, lára kòkó tó kọ́kọ́ hù nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ọba ni òkúta náà pè é, àti ìyàwó Davies. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oyè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ọmọ ọba" ti dí ojú ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn òyìnbó fẹ́ kó jẹ́ ọmọ ọba kí ó lè yẹ láàfin wọn. Ìyá onígààrí ò béèrè bóyá ọmọ ọba ni. Ilé ló béèrè, torí pé bó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ilé rẹ̀ ṣì ń retí rẹ̀.

Bàbá ní kí n fi ilà náà han òun. Mo ṣí fóònù, mo mú àwòrán rẹ̀ tó wà nínú ìwé tí Forbes tẹ̀ jáde ní 1851 jáde, mo tún mú ti Silvy. Orí wọn pàdé lórí fóònù náà. Bàbá fa ojú àwòrán náà fẹ̀, ó súnmọ́ ọn, ó jìnnà sí i, ó ní ẹni tó ya ti àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe olóólà, kò mọ ohun tó ń yà, àti pé ti èkejì kéré jù fún ojú òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan wà tí bàbá wọn kọ́ ní iṣẹ́ oólà kí iṣẹ́ náà tó di ohun àìríṣe mọ́. Òun yóò mọ abàjà yàtọ̀ sí pélé, yóò sì mọ ọwọ́ ìlú tó kọ ọ́. Ó tún rán mi létí ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: ẹni tí ogun lé láti ibi púpọ̀ ló kóra jọ sí Òkè-Ọ̀dàn láyé ọjọ́un, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ni orílẹ̀ bàbá Àìná, tó jẹ́ pé ibí ni ogun kàn ti bá wọn. Kí n má ṣe béèrè lọ́wọ́ ilé kan ṣoṣo. Kí n lọ sí Ìláròó, kí n lọ sí Adó, kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọrin ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, torí pé orin wọn máa ń tọ́jú orúkọ àwọn ìyá.

Àwọn obìnrin ọjà náà ní iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Wọ́n fẹ́ kí n kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ Àìná sínú ìwé kan, láti orí Victoria dé orí Ameyo, kí wọ́n lè kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ya ewé kan fún mi nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ gbèsè, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò ìyá onígààrí, mo kọ ọdún sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Òkè pátápátá, lókè Àìná, wọ́n ní kí n fi àyè ìlà méjì sílẹ̀ fún orúkọ bàbá àti ìyá. Bàbá wá sọ ohun tí n óò ṣe kí n tó padà wá: kí n tẹ àwòrán náà sórí páálí, kí ó tóbi tó bí ojú ènìyàn gan-an, kí ilà náà hàn kedere. Ó ní ẹyọ kan ò tó. Kí n mú ọ̀kan lọ sí ààfin, kí n sì gbé ìkejì kọ́ sí ọjà níbí, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, nítorí pé àwọn ló máa ń rántí ojú.